Igbó Tí À Ń Fi Etí Wọ̀

Ẹ̀rù méjì ló wà nínú igbó. Ọ̀kan ni èyí tí ojú rí. Èkejì ni èyí tí etí gbọ́, ṣùgbọ́n tí ojú kò rí ohun tó fà á. Ọdẹ tí ó bá rí ẹkùn gán-án-ní mọ ohun tí yóò ṣe: yóò yìnbọn, tàbí kí ó gun igi, tàbí kí ó wá ibi gbà lọ. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń ró lẹ́yìn rẹ̀ lóru, tí ó yíjú padà tí kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù kejì yìí ni ìtàn inú igbó máa ń lò bí a bá fi etí gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń súnmọ́ ìyá rẹ̀ bí ìtàn bá ti dé ibi tí ó gbóná, tí àgbàlagbà pàápàá fi ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ó tó lọ sùn.

Ní ayé ìsinsìnyí, fóònù ti wọ ilé púpọ̀ ní Ìgbàyè, ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, kì í sì í ṣe orin àti ìwàásù nìkan ni ènìyàn lè fi gbọ́. Odidi ìwé ni a lè gbọ́ lórí rẹ̀, tí ẹnì kan ti jókòó kà láti ojú ewé kìíní títí dé òpin. Àwọn òbí wá ń béèrè pé: Irú ìtàn wo ni kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa gbọ́? Ṣé ìtàn iwin àti ọdẹ yẹ ní ilé onígbàgbọ́? Kí ni èrè rẹ̀, kí sì ni ewu rẹ̀? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Ìwé kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ.

ÌWÉ TÍ Ó TI ẸNU WÁ

Daniel Fágúnwà jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí. Ọdún 1903 ni wọ́n bí i. Àwọn òbí rẹ̀ ti gba ẹ̀sìn Kristi, òun náà sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti padà di olùkọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Oròwọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó sọ ara rẹ̀ di Ọlọ́runfẹ́mi. Ní 1936, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ gbé ìdíje kan kalẹ̀ fún àwọn tí ó lè kọ ìwé ìtàn. Fágúnwà kọ ìtàn ọdẹ yìí ránṣẹ́. Ní 1938 ni ilé ìtàwé ìjọ C.M.S. tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹ kíyèsí i pé ilé ìtàwé ìjọ ni ìwé tí iwin kún inú rẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ jáde. A ó padà sórí kókó yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyèsí nínú ìwé náà ni bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sọ pé òun ló lọ sínú igbó. Ó ní bàbá arúgbó kan ló wá bá òun ní ibi tí òun jókòó sí, tí ó sì ní kí òun mú gègé àti ìwé kí òun máa kọ ohun tí òun yóò sọ, kí ikú má baà mú òun lọ kí aráyé tó gbọ́. Bàbá náà ni Àkàrà-ogun. Ó ń sọ, òǹkọ̀wé ń kọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàbá á dákẹ́, á ní ó tún di ìgbà mìíràn. Bí ó bá tún padà dé, àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ á ti péjọ láti wá gbọ́, títí tí èrò fi pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí i pé etí ni ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ìwé tí a fi ẹnu sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́, ní iwájú àwọn tí ó pé jọ láti gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan ní Ìgbàyè bá fi fóònù gbọ́ ọ lónìí, kì í ṣe pé ó ń ṣe nǹkan àjèjì sí ìwé náà. Ó ń dá a padà sí ibi tí ó ti wá ni.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍNÚ IGBÓ NÁÀ

Fún ìtọ́sọ́nà àwọn tí kò tíì kà á, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ṣókí. Ọdẹ ni bàbá Àkàrà-ogun, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Láti ilé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwà ibi ìyá náà kó bá gbogbo ìdílé, òun àti ọkọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ọmọ tí ó kù gba iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Àgbákò, iwin tí ó dé fìlà irin, tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, tí àwọn méjèèjì sì wọ̀yá ìjà.

Lẹ́yìn èyí ni ọba ìlú ránṣẹ́ pè é. Ọba ń fẹ́ ohun kan tí ó wà ní Òkè Lángbòdó, èyí tí yóò mú àlàáfíà àti ìtura wá fún ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí, Àkàrà-ogun kò dá lọ. Ó kó àwọn alágbára dání, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Kàkó wà níbẹ̀, oníkùmọ̀. Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, ọlọ́gbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀, tí orin rẹ̀ ń tu gbogbo ohun abẹ̀mí lára. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè àwọn ẹranko, Èfòìyè jẹ́ tafàtafà, Aràmàdà-okùnrin sì jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń tutù nígbà tí ooru bá mú, tí ó sì ń gbóná nígbà tí òtútù bá dé. Ibi tí agbára ẹnì kan bá pin sí ni ti ẹlòmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀. Ọjọ́ méje ni Ìràgbèje, àgbà ọlọ́gbọ́n, fi kọ́ wọn nípa ìwà ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n yìí wà lára ohun tí wọ́n gbé bọ̀ wá sílé.

KÍ LÓ DÉ TÍ ETÍ FI Ń BẸ̀RÙ JU OJÚ LỌ?

Ẹni tí ó ń fi ojú kàwé ni ọ̀gá. Bí ibi tí ó dé bá ba á lẹ́rù, ó lè ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn wò, kí ó rí i pé ọdẹ náà kò kú. Ó lè fo ojú ewé méjì. Ó lè pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi etí gbọ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹni tí ń kà á bá dúró sí ni òun náà gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí ọdẹ bá wà lórí igi lóru, olùgbọ́ náà wà lórí igi pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ohun kejì ni ìdákẹ́. Lójú ewé, àlàfo kékeré ni ìdúró jẹ́. Ní etí, ó lè gùn tó bí èémí mẹ́ta. Ẹ gbìyànjú èyí nílé. Ẹ ka gbólóhùn wọ̀nyí kíákíá: Ọdẹ náà dúró. Ó gbọ́ ìró kan. Ìró náà dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀, ìró náà gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kà á kíákíá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wá tún un kà, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀kan láàrin gbólóhùn kan sí èkejì. Ọmọ tí ó ń jẹ gúgúrú yóò dáwọ́ jíjẹ dúró.

Ohun kẹta ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ èdè etí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà: ọ̀kan ń bẹ nílé, èkejì ń roko, ẹ̀kẹta ń gbé èrò, ẹ̀kẹrin ń gún ẹran. Bí kò bá sí àmì lórí wọn, òǹkàwé gbọ́dọ̀ dúró rò ó. Àwọn ìwé àtijọ́ tún ní ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn, tí a ń kọ aiye àti enia, kí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ti 1966 àti ìpinnu 1974 tó tún un ṣe. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Yorùbá dáradára lè máa ta kọ́sẹ̀ lórí ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà bá là á sí i létí, ọ̀nà ti mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ń farawé ìró, bíi gbì, wùyẹ̀wùyẹ̀ àti fìrìfìrì, inú ẹnu ni wọ́n ti ń dùn.

Agbègbè wa yìí mọ adùn ọ̀rọ̀ ẹnu tipẹ́. Ìgbàyè, Ìnísà àti Òkukù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, Ìkìrun sì wà nítòsí wọn ní Ìfẹ́lódùn. Ní Òkukù, obìnrin ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Karin Barber, gbé láàrin àwọn ènìyàn fún ọdún mélòó kan ní àwọn ọdún 1970, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyá. Nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, orúkọ tí ó sọ ọ́ túmọ̀ sí pé èmi lè máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Bí obìnrin tí ó wá láti òkè òkun bá lè fi ọdún jókòó gbọ́ àwọn ìyá wa, kí ni ó ṣe àwa tí a kò lè fún wọn ní wákàtí kan ní alẹ́ Sátidé?

BÍ ÌWÉ ṢE DI OHUN TÍ À Ń GBỌ́

Ní 1877, Thomas Edison ti Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kí ó sì tún un sọ. Láti ìgbà náà ni òun tìkára rẹ̀ ti ń rò ó pé àwọn afọ́jú lè tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí èrò náà tó ṣẹ, nítorí pé àwo ìgbà náà kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní 1934, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí pín ìwé tí a kà sínú àwo fún àwọn afọ́jú. Ní oṣù Kọkànlá 1935, ẹgbẹ́ tí ń ṣètọ́jú àwọn afọ́jú ní ìlú Ọba ṣe tiwọn. Ojú kan àwo wọn gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ẹ sì gbọ́ ìtàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti Agatha Christie, nípa ẹni tí wọ́n pa tí a kò mọ ẹni tí ó pa á. Èkejì jẹ́ ti Joseph Conrad, nípa ọkọ̀ ojú omi tí ìjì ńlá mú lórí òkun. Ìtàn méjèèjì kún fún ìfòyà. Ó hàn gbangba pé àwọn tí ó yàn wọ́n mọ ohun tí etí fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé ní 1963 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Philips. Àwa ọmọ ìjọ kò gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì! Òun ni ó gbé ìwàásù àti orin dé ibi tí oníwàásù kò lè fi ẹsẹ̀ dé. Ní tiwa níhìn-ín, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé àwọn ènìyàn ti wà ní Èkó láti 1935. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lónìí, fóònù kékeré kan lè gba ìwé tí ó ju àpótí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lọ. Irinṣẹ́ ń yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni etí ń fẹ́: ohùn ènìyàn tí ó mọ ìtàn í sọ.

ṢÉ Ó YẸ NÍLÉ ONÍGBÀGBỌ́?

Ibí yìí ni a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Àwọn kan nínú wa sọ pé ìwé tí ó kún fún iwin, ọfọ̀ àti oògùn kò yẹ kí ó wọ ilé ọmọ Ọlọ́run rárá. Àwọn mìíràn ní ìtàn ni ìtàn, kò lè ṣe nǹkan kan. A kò gbà pẹ̀lú ìhà méjèèjì.

Ẹni tí ó sọ pé kò yẹ rárá gbọ́dọ̀ rántí pé onígbàgbọ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́, àti pé ilé ìtàwé ìjọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Kò kọ ọ́ láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni ní oògùn ṣíṣe. Nínú ìwé rẹ̀, Ọlọ́run ni ó wà lókè ohun gbogbo, ìgbà púpọ̀ sì ni oògùn ọdẹ máa ń kọ̀ láti jẹ́ nígbà tí ó nílò rẹ̀ jù. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe tuntun nínú ìjọ. John Bunyan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ìtàn arìnrìn-àjò kan ní 1678, ẹni tí ó la ẹrẹ̀, òkè, àfonífojì òkùnkùn àti ọ̀tá abìyẹ́ kọjá kí ó tó dé ìlú tí ó ń lọ. David Hinderer, míṣọ́nnárì tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Ní 1866 ni ó jáde, tí a mọ̀ ọ́n sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ ni ó gbọ́ ọ kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Ìtàn ìrìn-àjò nínú ewu ti kọ́ wa ní ìfaradà tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìtàn kò lè ṣe nǹkan kan náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìtàn lágbára, pàápàá èyí tí a gbọ́ lóru. Ọmọ ọdún márùn-ún tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí nínú yàrá ṣíṣókùnkùn, tí ó ń gbọ́ nípa ojú mẹ́rìndínlógún, kò rí ẹni tí yóò bi léèrè pé, “Mọ́mì, ṣé Àgbákò lè wá síbí?” Ohun tí ó ń ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ìtàn. Ìdánìkanwà ni. Ní àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í dá àlọ́ gbọ́. Ìyá àgbà wà láàrin, àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń gbe orin. Bí ẹ̀rù bá ba ọ̀kan, èjìká ẹnìkejì wà nítòsí. Bí wọ́n bá ní, “Màmá àgbà, kí ló wá ṣẹlẹ̀?”, ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ó dọ̀la, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ìyá mọ ibi tí ó yẹ kí òun dá a dúró sí. Fóònù kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún àwọn òbí nìyí.

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà fúnra yín kí àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí kòtò wà kò lè mú ọmọ lọ́wọ́ kọjá.

Èkejì, ẹ gbé fóònù sáàrin, kí gbogbo ilé gbọ́ ọ pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré fi wáyà sí etí dá gbọ́ ìtàn ìbẹ̀rù.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa dá a dúró láti béèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí Kàkó fi kánjú? Kí ni Ìmọ̀dòye rí tí àwọn yòókù kò rí? Níbi tí ọdẹ bá ti lo oògùn, ẹ má fò ó bí ẹni pé ẹ kò gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbà gbọ́ fún àwọn ọmọ ní gbangba, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó wà nínú ìtàn àti ohun tí ilé yín dúró lé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi ibi tí ó bani lẹ́rù jù parí alẹ́. Ẹ kà á kọjá ibẹ̀ dé ibi tí ọdẹ ti bọ́ nínú ewu, kí ẹ tó gbàdúrà kí ẹ sì sùn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé igbó inú ìtàn yàtọ̀ sí igbó tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Lóde òní, kì í ṣe iwin ni ó ń bani lẹ́rù nínú igbó kìjikìji bí kò ṣe àwọn ajínigbé. Ọmọ tí ìtàn ọdẹ bá wọ̀ lára kò gbọdọ̀ rò pé òun lè dá wọ inú igbó láti lọ wá Òkè Lángbòdó. Etí nìkan ni kí ó fi wọ̀ ọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀kọ́ ńlá tí ó wà nínú ìrìn-àjò náà. Nígbà tí Àkàrà-ogun dá lọ, díẹ̀ ló kù kí ó kú. Nígbà tí ó kó ẹlẹ́gbẹ́ dání, ó dé ibi tí ó ń lọ. Ìdílé tí olúkúlùkù ń dá gbé nínú yàrá tirẹ̀ kò tíì kúrò nínú ìrìn àkọ́kọ́.

BÍ A ṢE LÈ KÀ Á SÍNÚ FÓÒNÙ

Kò pọn dandan kí a dúró de ẹni tí yóò ka ìwé fún wa láti ìlú ńlá. Ẹni tí ó mọ Yorùbá kà wà nínú ìdílé púpọ̀: olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìyá ìjọ tí ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, bàbá àgbà tí kò tíì gbàgbé ìwé kíkà. Ohùn wọn níye lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ, ohùn náà bá wọn lọ, àfi bí a bá ti gbà á sílẹ̀.

Ẹ yan yàrá tí ó ní aṣọ ìkélé àti ibùsùn, nítorí pé yàrá òfìfo máa ń dún bí kànga. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ kà á lẹ́yìn tí àkùkọ ti dákẹ́. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, má ṣe jẹ́ kí ó dojú kọ ẹnu gan-an, kí èémí má baà máa lù ú. Kí òǹkàwé kọ́kọ́ ka ojú ewé náà sínú, kí ó mọ ibi tí ohùn ń lọ sókè àti ibi tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó tó kà á síta. Bí ẹ bá kà fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, bí ti àwo àtijọ́ nì, ẹ dúró, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí fóònù ẹlòmíràn, nítorí fóònù a máa sọnù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ìwé Fágúnwà ṣì ní olówó. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún àwọn àrólé òǹkọ̀wé títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá 1963, nígbà tí omi gbé e lọ ní agbègbè Bídá nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ náà wà títí òpin 2033. Kíka ìwé sókè fún àwọn ọmọ yín ní pálọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí a kà á sínú ẹ̀rọ, kí a máa tà á tàbí kí a máa pín in kiri láìgba àṣẹ, olè ni, ọmọ Ọlọ́run kò sì gbọdọ̀ bá wọn lọ́wọ́ sí i. Àlọ́ ìyá àgbà tiyín ńkọ́? Ìtàn bí bàbá àgbà ṣe sọnù nínú oko ní ọdún wọ̀nyí, tí ó sùn sórí igi kí ilẹ̀ tó mọ́? Ìyẹn, tiyín ni. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn sílẹ̀.

ÀWỌN TÍ OJÚ WỌN TI DI BÀÌBÀÌ

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí kò lè fi ojú kàwé mọ́. Ẹ wo àwọn ìjókòó iwájú nínú ìjọ yín. Ìyá tí ó ti ń ka Bíbélì rẹ̀ láti ìgbà èwe jókòó síbẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí i mọ́, nítorí pé gbogbo lẹ́tà ti di ọ̀kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń mi orí ni.

Ayé ti rí i pé ó yẹ kí a ro ti irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2013, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Marrakesh ní ilẹ̀ Mòrókò, wọ́n sì ṣe àdéhùn tí ó fi àyè sílẹ̀ láti sọ ìwé di ohùn fún àwọn afọ́jú láìjẹ́ pé òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé dí wọn lọ́nà. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 2017. Ṣùgbọ́n àdéhùn kò lè jókòó ti ìyá àgbà. Ẹnì kan ni yóò mú ìwé, tí yóò kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, iṣẹ́ nìyí fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ fóònù lò, ẹ mọ́ra pọ̀ mọ́ àwọn tí ó mọ Yorùbá kà. Ẹ mú ohùn Bíbélì àti ìtàn rere lọ bá àwọn àgbà tí ó wà nílé. Ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ ó rí i pé bí ìtàn bá ti dé ibi tí ọdẹ ti gbọ́ ìró lẹ́yìn rẹ̀, ìyá tí ó ti ń tòògbé á gbé orí sókè, á ní, “Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ!” Lẹ́yìn náà ni òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí òun gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀. Nígbà náà, ẹ tètè tẹ fóònù yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ ÌDÍLÉ

1. Nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Àkàrà-ogun, ta ni olúkúlùkù wa jọ nínú ilé yìí? Ẹ̀bùn wo ni a nílò lọ́dọ̀ ara wa?

2. Nígbà wo ni ẹ̀rù ba wá gbẹ̀yìn, ta sì ni a sọ fún?

3. Ta ni àgbà tí ó wà nínú ìdílé wa tí a kò tíì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀? Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni a ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀?